Paulin Soumanou Vieyra, ọmọ Àjàṣẹ́ tí ó ṣí ọ̀nà fún sinimá Áfíríkà

Ní ọdún 1936, ojú irin tí wọ́n ti ń tẹ́ bọ̀ láti Cotonou dé Parakou. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 438. Lẹ́yìn náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ ojú irin fi gbé èrò àti ẹrù gòkè wá láti etí òkun, tí ó sì kó irè oko sọ̀kalẹ̀ lọ. Ní nǹkan bí àkókò kan náà, ọmọdékùnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá fi ilẹ̀ Dahomey sílẹ̀, ó gba orí òkun lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ìwé ni wọ́n ní kí ó lọ kà. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ nígbà náà pé ọmọ yìí yóò wà lára àwọn adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò ya àwòrán tí ń rìn, èyí tí a ń pè ní fíìmù. Orúkọ rẹ̀ ni Paulin Soumanou Vieyra.

Ìbí rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀

Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 1925. Orúkọ rẹ̀ nìkan tó láti sọ ìtàn ìlú náà fún ẹni tí ó bá ní etí. Vieyra wà lára orúkọ àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ìdílé tí ìtàn wọn so mọ́ ilẹ̀ Brazil ní òdìkejì òkun. Soumanou jẹ́ orúkọ tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ dáadáa. Paulin sì jẹ́ orúkọ Kristẹni. Báyìí ni ọmọ kan ṣoṣo ṣe ru orúkọ mẹ́ta tí ó wá láti ọ̀nà mẹ́ta.

Ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ti ń sùn, tí wọ́n ti ń jí, ni wọ́n fi í sí ní ilẹ̀ Faransé. Ọmọ tí ó bá fi ilé sílẹ̀ ní irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ ní láti fi etí kọ́ ohun púpọ̀. Ó ní láti gbọ́ èdè tí kì í ṣe ti ìyá rẹ̀, kí ó máa wo ojú àti ọwọ́ ẹni tí ń sọ̀rọ̀, kí ó tó mọ ohun tí onítọ̀hún ń sọ. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ní ọdún 1940, àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì gba Paris. Ogun náà parí ní ọdún 1945. Ọmọ Àjàṣẹ́ ti di ọmọ ogún ọdún nígbà náà. Ìdajì ayé rẹ̀ ni ó ti lò ní ilẹ̀ àjòjì.

Lẹ́yìn ogun, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Paris tí wọ́n dá sílẹ̀ fún kíkọ́ iṣẹ́ fíìmù. IDHEC ni wọ́n ń pe ilé ẹ̀kọ́ náà. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ pé fíìmù kì í ṣe idán. Ó jẹ́ ọ̀já gígùn kan tí àwòrán kéékèèké wà lára rẹ̀. Ẹ̀rọ á máa fa ọ̀já náà kọjá níwájú iná, àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú ènìyàn kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ìdí nìyí tí ó fi dà bí ẹni pé wọ́n ń rìn. Fíìmù oníwákàtí kan ní ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún àwòrán lọ. Ẹni tí yóò tò wọ́n ní láti ní sùúrù ju ẹni tí yóò wò wọ́n lọ.

Ní ọdún 1954, Vieyra ṣe fíìmù kékeré kan gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1955, ó gba ìwé ẹ̀rí. Òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí ó gba ìwé ẹ̀rí IDHEC.

Òfin tí ó ti ilẹ̀kùn

Ohun tí ó wà lọ́kàn Vieyra ni pé kí ó padà sí Áfíríkà, kí ó ya àwòrán àwọn ènìyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan dúró ní ojú ọ̀nà. Ní ọdún 1934, Pierre Laval, mínísítà tí ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso, ti fi ọwọ́ sí i. Òfin náà sọ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ya fíìmù tàbí gba ohùn sílẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí ní láti kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ gómìnà. Ìjọba yóò ka ìtàn tí ó fẹ́ yà, yóò sì wo irú ẹni tí ó jẹ́. Bí ọkàn ìjọba kò bá balẹ̀, kò ní gba àṣẹ.

Òfin náà kò sọ ní gbangba pé adúláwọ̀ kò gbọdọ̀ di kámẹ́rà mú. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Àwọn òyìnbó ń wá, wọ́n ń ya igbó, ẹranko àti ijó, wọ́n sì ń gbé e lọ fi han àwọn ará ilé wọn. Ọmọ onílẹ̀ kò rí àyè ya ilé bàbá rẹ̀. Vieyra àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò rí àṣẹ gbà.

Ẹni tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn iwájú mọ́ a máa wá ojú fèrèsé. Vieyra, Mamadou Sarr, Jacques Mélo Kane àti Robert Caristan kó ara wọn jọ. Wọ́n rò ó pé bí wọn kò bá lè ya Áfíríkà ní Áfíríkà, Áfíríkà tí ó wà ní Paris ń kọ́? Ní ọdún 1955, wọ́n gbé kámẹ́rà jáde sí òpópónà ìlú náà. Fíìmù tí wọ́n ṣe kò ju ìṣẹ́jú 21 lọ. Afrique-sur-Seine ni wọ́n pè é. Seine ni odò tí ó la Paris já.

Fíìmù náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọdé tí ń ṣeré nínú omi ní ilẹ̀ Áfíríkà. Lẹ́yìn náà ni ó wọ Paris, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ ti ń rìn, tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣiṣẹ́, tí dúdú àti funfun ń jókòó pọ̀. Kò sí ìjà nínú rẹ̀, kò sí ìbọn, kò sí ẹni tí ń sáré lé ẹnì kan. Ohùn kan ṣoṣo ni ó ń bá àwòrán rìn, tí ó ń sọ èrò ọkàn ẹni tí ó jìnnà sí ilé. Ẹni tí ó ń kánjú yóò ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tí ó bá jókòó yóò rí ohun tí kò wọ́pọ̀ nígbà náà: adúláwọ̀ ni ó di kámẹ́rà mú, òyìnbó ni ó ń kọjá níwájú rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní Dakar

Nígbà tí Vieyra padà sí Áfíríkà, Dakar ni ó tẹ̀dó sí. Ní ọdún 1960, Sẹ̀nẹ̀gàl gba òmìnira, Dahomey náà sì gba tirẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún kan náà. Ìjọba Sẹ̀nẹ̀gàl fi Vieyra ṣe olórí ẹ̀ka tí ń ya ìròyìn sórí fíìmù. Ní àkókò yẹn, tẹlifíṣọ̀n kò tíì dé ilé ènìyàn. Ilé sinimá ni àwọn ará ìlú ti ń rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wọn, kí fíìmù gan-an tó bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ náà gba ìfaradà. Kò sí ilé iṣẹ́ tí ó lè fọ fíìmù ní Dakar. Ohun tí wọ́n bá yà ní láti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ilẹ̀ Faransé kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, kí ó tó padà wá. Ìròyìn máa ń di ohun àná kí ará ìlú tó rí i.

Ní ọdún 1961, Vieyra ṣe fíìmù kan lórí òmìnira Sẹ̀nẹ̀gàl, Une nation est née. Ní ọdún 1963, ó ṣe Lamb, èyí tí ó túmọ̀ sí ìjàkadì ní èdè Wolof. Ẹni tí ó bá mọ ìjàkadì Sẹ̀nẹ̀gàl mọ̀ pé ìlù, ijó, oògùn àti oríkì ni ó ń gba àkókò jù. Gídígbò fúnra rẹ̀ lè parí ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹni tí kò bá lè dúró de ìlù kò ní mọ ìdí tí ẹni tí ó ṣubú fi ń sunkún. Ní ọdún 1965, ó mú ìtàn kan láti inú iṣẹ́ Birago Diop, ó sì fi ṣe N'Diongane, ìtàn ìbànújẹ́ nípa ọmọkùnrin kan àti orúkọ ìnagijẹ kan tí ó dun ún dé ọkàn. Ní ọdún 1966, ó ṣe Môl, ìtàn ọ̀dọ́ apẹja kan tí ó fẹ́ fi ẹ̀rọ sí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀.

Ní Dakar, ilé rẹ̀ náà jẹ́ ilé òǹkọ̀wé. Ìyàwó rẹ̀, Myriam Warner-Vieyra, jẹ́ ọmọ erékùṣù Guadeloupe. Ó kọ àwọn ìtàn àròsọ tí ó ní òkìkí ní èdè Faransé.

Fíìmù tí ń béèrè sùúrù

Ìrànlọ́wọ́ tí Vieyra ṣe fún Ousmane Sembène wà lára ohun tí ó tóbi jù nínú ayé rẹ̀. Ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl ni Sembène. Ó ti ṣe alágbàrù ní èbúté Marseille, ó sì ti kọ ìwé. Ṣùgbọ́n ó rí i pé àwọn tí ó ń kọ ìwé nípa wọn kò lè ka ìwé náà. Nítorí èyí ni ó ṣe yí sí sinimá. Vieyra dúró tì í. Ó bójú tó iṣẹ́ lórí díẹ̀ lára àwọn fíìmù Sembène, ó sì kọ odindi ìwé kan nípa rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1972.

Kí òǹkàwé lè mọ ìdí tí Vieyra fi gba iṣẹ́ yìí gbọ́, ó yẹ kí ó mọ méjì nínú àwọn fíìmù náà.

Èkíní ni La Noire de..., ti ọdún 1966. Ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Diouana kúrò ní Dakar, ó tẹ̀lé tọkọtaya òyìnbó lọ sí Antibes ní ilẹ̀ Faransé. Ó rò pé ọmọ ni òun yóò máa tọ́jú. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, gbogbo iṣẹ́ ilé ni wọ́n dì lé e lórí. Kò rí ìlú, kò ní ọ̀rẹ́, ilé ìdáná di ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Ó ti fún wọn ní agọ̀ ojú onígi kan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn nígbà tí wọ́n ṣì wà ní Dakar. Wọ́n gbé e kọ́ ara ògiri funfun. Òǹwòran á máa rí agọ̀ náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì ní mọ ohun tí yóò ṣe. Nígbẹ̀yìn, Diouana gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ padà sí Dakar, ó na owó iṣẹ́ rẹ̀ sí ìyá rẹ̀. Ìyá kò gba owó náà. Ọmọdékùnrin kan mú agọ̀ náà, ó fi bo ojú, ó sì ń tẹ̀lé òyìnbó náà lẹ́yìn, ẹsẹ̀ kò kúrò lẹ́yìn ẹsẹ̀. Ẹni tí ó dìde lọ kí fíìmù tó parí kò ní mọ ohun tí igi tí wọ́n gbé kọ́ ògiri náà ń sọ. Ẹni tí ó dúró kò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé.

Èkejì ni Mandabi, ti ọdún 1968. Kò sí ìtàn tí ó bá ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìwé kíkà mu jù ú lọ. Ọkùnrin kan wà ní Dakar tí ń jẹ́ Ibrahima Dieng. Kò mọ̀wé, kò ní iṣẹ́, ó ní ìyàwó méjì àti ọmọ púpọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ń gbálẹ̀ òpópónà ní Paris fi máńdà ránṣẹ́ sí i, 25.000 fránkì. Ní ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n ní kí ó mú káàdì ìdánimọ̀ wá. Kò ní in. Kí ó tó lè gba káàdì, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé ìbí. Kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ó ní láti ya fọ́tò, ayàwòrán rẹ́ ẹ jẹ. Àwọn aládùúgbò gbọ́ pé owó dé, wọ́n wá yá nínú ohun tí kò tíì dé ọwọ́ rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ẹnì kan tí ó mọ̀wé ní òun yóò bá a gba owó náà. Dieng fi ọwọ́ sí ìwé tí kò lè kà. Owó náà kò dé ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Èdè Wolof ni wọ́n sọ nínú Mandabi. Ó wà lára àwọn fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi èdè adúláwọ̀ Áfíríkà sọ. Àwọn tí kò gbọ́ Wolof ní láti ka ìtumọ̀ tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Òyìnbó tí ó bá wò ó ní èdè Wolof ní láti ka ìwé kí ó lè mọ ohun tí àgbàlagbà Dakar ń sọ.

Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Áfíríkà, ọ̀nà kò là bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Faransé méjì, COMACICO àti SECMA, ni ó ń ṣàkóso bí fíìmù ṣe ń dé àwọn ilé sinimá ní àwọn ilẹ̀ tí ń sọ Faransé. Fíìmù àwọn ajagun orí ẹṣin láti Amẹ́ríkà àti fíìmù ijó láti Íńdíà ni ó kún ibẹ̀, nítorí pé owó wọn kéré, èrè wọn sì yá. Fíìmù tí ọmọ Áfíríkà fi omijé ṣe lè gba ẹ̀bùn ní Venice, kí ará Dakar tàbí ará Cotonou má sì rí i. Vieyra kọ̀wé nípa ìwà ìrẹ́jẹ yìí léraléra. Ìwé rẹ̀ Le cinéma et l'Afrique jáde ní ọdún 1969. Èyí tí ó tóbi jù, ìtàn sinimá Áfíríkà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ọdún 1973, jáde ní ọdún 1975.

Ó mọ̀ pé igi kan kì í dá igbó ṣe. Ó wà lára àwọn tí ó kó àwọn aṣefíìmù Áfíríkà jọ sínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, FEPACI. Ó sì wà lára àwọn tí ó ṣe alátìlẹ́yìn àjọ̀dún sinimá FESPACO tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ouagadougou ní ọdún 1969.

Ohun tí ó ná an

Iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe fún ẹlòmíràn kì í ṣàìgba nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Vieyra ń bójú tó ìròyìn ìjọba, ó ń kọ ìwé, ó ń ti iṣẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Ọdún ń gorí ọdún. Ó ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní ọdún 1955, ṣùgbọ́n ọdún 1981 ni ó tó ṣe fíìmù gígùn kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tirẹ̀, En résidence surveillée, ìtàn nípa ìṣèlú àti ìdìtẹ̀ gbàjọba. Ọmọ ọdún 56 ni nígbà náà. Ọdún 26 ni ó fi dúró.

Ní ọdún kan náà, ó ṣe fíìmù mìíràn, L'envers du décor, tí ó fi hàn bí Sembène ṣe ya Ceddo. Ceddo jáde ní ọdún 1977, ìjọba Sẹ̀nẹ̀gàl sì fi òfin dè é. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé orúkọ náà kò gbọdọ̀ ní ju lẹ́tà d kan lọ, Sembène sì fi méjì sí i. Lẹ́tà kan péré ti ilẹ̀kùn mọ́ odindi fíìmù. Ẹni tí ó mọ̀wé mọ agbára lẹ́tà. Vieyra ti kọ́kọ́ rí òfin tí ó ti ilẹ̀kùn ní ọdún 1955 lábẹ́ òyìnbó. Ó tún rí i ní ilẹ̀ tí ó ti gba òmìnira. Kò fi kámẹ́rà sílẹ̀.

Paulin Soumanou Vieyra kú ní Paris ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1987. Ọmọ ọdún 62 ni. Ìlú tí kò ti lè ya Áfíríkà bí kò ṣe láti ọ̀nà jíjìn ni ó mí èémí ìkẹyìn sí. Ẹ̀bùn kan wà ní FESPACO tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, àwọn alárìíwísí fíìmù ni wọ́n sì ń fi í fún ẹni tí ó bá tọ́ sí. Àwọn ìwé àti iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìpamọ́ ní Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà.

Ará Parakou ní ànfààní kan níwájú irú fíìmù tí Vieyra fi ayé rẹ̀ gbèjà. Ẹni tí ó bá ń ná ọjà Arzèkè ti mọ́ra pẹ̀lú èdè tí kì í ṣe tirẹ̀. Bàrìbá ń sọ tirẹ̀ lọ́tùn-ún, Dendi ń sọ tirẹ̀ lósì, Fúlàní ń bọ̀ lẹ́yìn, Yorùbá ń ná owó. Ènìyàn á wo ojú, á fi etí sílẹ̀, á dúró, títí ọ̀rọ̀ yóò fi yé e. Bí a ṣe ń wo fíìmù àjòjì náà nìyẹn. Ẹni tí ó bá sì ti kọ́ láti ka ìlà kan lẹ́yìn òmíràn lè ka ohun tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Bí kò bá tètè ká a lónìí, yóò yára sí i lọ́la. Ibrahima Dieng kò ní irú ànfààní bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n na kálámù sí i pé kí ó fi ọwọ́ síwèé.